Lánlọ́ọ̀dù Shark àti Ìyá Ìsàlẹ̀ Èkó

Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni. Wọ́n ti mú iná lọ láti ọ̀sán, bátìrì fóònù mi sì ti ń lọ sópin. Mo gbé e fún Àjàní, ọmọ mi ọkùnrin, kí n lè ráyè fọ àwo. Orin Baby Shark yẹn ló ń wò, èyí tí gbogbo òbí tó lọ́mọ kékeré nílé ti gbọ́ títí tó fi bá wọn wọ ojú àlá. Iléeṣẹ́ Pinkfong ní Kòríà ló gbé e jáde ní 2016. Nígbà tó fi máa di oṣù kọkànlá 2020, kò sí fídíò mìíràn tí wọ́n wò tó o lórí YouTube. Ọwọ́ àwa ará Bàríga wà níbẹ̀ dáadáa.

Àfi bí fídíò ṣe dúró gbagidi. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Òrùka kékeré yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú fóònù. Mo gbé àwo dání, mo ń dúró de igbe. Igbe ò wá. Mo yọjú láti kíṣìnì.

Ọmọkùnrin náà tẹjú mọ́ òrùka tó ń yí náà fúngbà díẹ̀, ó gbé fóònù kalẹ̀ lórí àga, ó dìde, ó sì gba orin náà ṣe. Ìyá Shark ti kọjá, Bàbá Shark ti kọjá, àwọn Shark àgbà náà ti kọjá. Ibi tí ẹbí ti tán fún àwọn ará Kòríà, ibẹ̀ ni tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó fọwọ́ méjèèjì mú ìbàdí, ó yọ ikùn síta, ó fajú ro: Lánlọ́ọ̀dù Shark. Ẹ̀yin náà ẹ wá wo bó ṣe ń rìn! Bí bàbá onílé wa ṣe máa ń rìn gẹ́lẹ́ ni, ní ọjọ́ kìíní oṣù. Lẹ́yìn Lánlọ́ọ̀dù ni NEPA Shark, tó gbé àkàbà lé èjìká, tó ń wo òkè bóyá ibi tó ti máa já wáyà. Ìyá Oníbọ̀ọ̀lì Shark ló tẹ̀ lé e, ó lóṣòó, ó ń fi pépà fẹ́ iná, ó sì ń fi ìka yí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kó má bàa jó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́ ariwo, ó jáde láti yàrá, ó ní òun fẹ́ ṣe Anti Shark, ìyẹn olùkọ́ wọn nílé ìwé. Wọ́n jà díẹ̀ lórí ẹni tó máa ṣáájú. Wọ́n parí ìjà náà fúnra wọn.

Ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dé. Nígbà tó dé, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dá kọrin lórí àga. Kò sẹ́ni tó yíjú sí i. Èmi ni mo lọ pa á.

Látìgbà náà ni mo ti ń rò ó pé kí ló dé tí ìṣẹ́jú márùn-ún tí fóònù fi dákú fi dùn ju gbogbo wákàtí tó ti fi ń ṣiṣẹ́ lọ.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ mí, ìwé ni mo ń tẹ̀ ní Ṣómólú. Ẹni tó bá ti gba àdúgbò wa kọjá mọ bó ṣe rí: òórùn íǹkì, ariwo ẹ̀rọ Kord láti ojúlé dé ojúlé, àwọn ọmọkùnrin tó ru pépà lórí bí ẹni ru pákó. Bàríga nílé mi wà. Nọ́ọ̀sì nìyàwó mi. Ọ̀sẹ̀ kan ó lọ láàárọ̀, ọ̀sẹ̀ kejì ó lọ lálẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó bá ti lọ lálẹ́, èmi pẹ̀lú àwọn méjì wọ̀nyí ló kù sílé, Àbẹ̀kẹ́ tó ti pé ọdún mẹ́fà, àti Àjàní tó ń lọ sí mẹ́rin. Oríkì wọn nìyẹn o. Orúkọ wọn gan-an, mo bá wọn fi pa mọ́ títí wọ́n á fi dàgbà tí wọ́n á sọ bóyá àwọn fẹ́ kí bàbá àwọn máa kọ ọ̀rọ̀ àwọn káàkiri.

Kí n má parọ́, fóònù ló bá mi tọ́ àwọn ọmọ yìí. N kì í ṣe ara àwọn òbí tó ń sọ pé ọmọ tàwọn ò mọ ohun tó ń jẹ́ kàtúùnù. Lọ́dún tó kọjá, oníbàárà kan gbé ìwé pélébé kan wá pé ká bá òun tẹ̀ ẹ́, ó dá lórí ìtọ́jú ọmọdé. Kí a tó ṣe pléètì, a gbọ́dọ̀ kà á bóyá àṣìṣe wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2019: ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, kó má jókòó ti fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n rárá; láti ọdún méjì sí mẹ́rin, kó má ju wákàtí kan lọ lójúmọ́, tó bá sì dín sí i, ó tún dáa. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rín pa mí. Mo ní ẹni tó kọ èyí kò tíì tẹ ẹ̀bà rí nígbà tí ọmọ ọdún mẹ́ta di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n nígbà tó di alẹ́, mo jókòó, mo ṣírò tiwa. Wákàtí mẹ́ta, ó dín díẹ̀. Mo tún un ṣírò bóyá máa rí ibi tí mo ti ṣì í. N ò rí ibì kankan.

Ìyàwó mi ní, “Bàbá Àbẹ̀kẹ́, ẹ ò tíì ka ti àárọ̀ mọ́ ọn, nígbà tí mo bá ń di irun Àbẹ̀kẹ́.”

Ó yá, ẹ jẹ́ ká fi ti fóònù sílẹ̀ ná, torí nǹkan mìíràn ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú Lánlọ́ọ̀dù Shark tó yẹ kó ti là mí lójú, tí n kò sì jẹ́ kó là mí.

Nígbà tí Àjàní pé mẹ́ta, mo ní mo fẹ́ ṣe é fún un. Òun ni ọkùnrin àkọ́kọ́, èmi náà sì ti ń rí àwọn páátì táwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń ṣe. A pàgọ́ sí iwájú ilé, a gba àga, a gba ilé rọ́bà tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí yẹn, tí àwọn ọmọ ń fò nínú rẹ̀. Mo tún wá fi ₦30,000 gba ẹni tó máa wọ aṣọ Mickey Mouse wá jó. Owó ìwé ìpè ìgbéyàwó odindi ẹbí kan ló lọ síbẹ̀. Inú mi ń dùn. Mo fi í pa mọ́ fún ọmọ náà kó lè jẹ́ ìyàlẹ́nu.

Ìyàlẹ́nu dé lóòótọ́. Aago mẹ́rin lù, ọkùnrin náà gba ẹ̀yìn àgọ́ wọlé. Orí yẹn tóbi bí ìkòkò tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ ìnáwó. Etí kan ti rọ̀, wọ́n fi sẹ̀lótéèpù dì í mú. Ibi ẹnu ti ya díẹ̀, wọ́n fi òwú dúdú rán an, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ta kókó òwú náà síta. Ooru mú, a sì ń gbọ́ bó ṣe ń mí nínú rẹ̀, hẹ̀ẹ̀, hẹ̀ẹ̀, bí ẹni gun òkè. DJ fi orin sí i. Ọkùnrin náà na ọwọ́ méjèèjì, ọwọ́ funfun ńlá, ó forí lé ọlọ́jọ́ìbí láti gbá a mọ́ra.

Àjàní yìí, tó ń wo Mickey lójoojúmọ́, tó mọ Mickey ju àbúrò mi lọ, ké bí ẹni tí iná jó. Ó tọ̀ sára ṣòkòtò tuntun. Ó sá, Mickey tẹ̀ lé e, torí ó rò pé eré ni. Ó wọ abẹ́ tábìlì kéèkì, Mickey bẹ̀rẹ̀. Gbogbo àgbàlagbà tó wà níbẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, fóònù wà lókè, wọ́n ń ya fídíò. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́. Èmi gan-an ni mo fà á jáde láti abẹ́ tábìlì, tí mo ń sọ pé, “Kí i, kí i, ọ̀rẹ́ rẹ ni.” Nígbà tí mo wá rí ojú rẹ̀ ni ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Ó wọ inú ilé lọ, ó sá sí balùwẹ̀, kò jáde mọ́. A gé kéèkì láìsí ọlọ́jọ́ìbí. Àbẹ̀kẹ́ ló bá a fẹ́ àbẹ́là pa.

Ìyá mi wà níbẹ̀. Ìyá Ìsàlẹ̀ Èkó làwọn ọmọ ń pè wọ́n, ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì wà dòní. Wọn ò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Nígbà tí àwọn èèyàn tú ká, tí mo ń ká àga jọ, wọ́n ní:

“Egúngún tí kò fún ọmọ láyè àtisá, ṣé egúngún nìyẹn?”

Mo ní, “Màámi, kì í ṣe egúngún. Mickey Mouse ni.”

Wọ́n ní, “Ó bo ojú, àbí kò bo ojú?”

N ò rí fèsì.

Wọ́n wá jókòó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nígbà tàwọn wà lọ́mọdé. Àǹtí wọn kan ń gbé nítòsí Campos Square, ní àdúgbò àwọn Àgùdà, àwọn tí baba ńlá wọn ti Bùràsíìlì padà wálé. Tó bá ti di àsìkò ọdún, kàrétà á jáde. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará Erékùṣù Èkó, kàrétà ni àwọn tó ń fi ìbòjú bojú nígbà Fàńtí, ìyẹn kánífà àwọn Àgùdà, ọ̀rọ̀ náà bá àwọn Àgùdà wá láti inú èdè Potogí. Màámi ní ẹnu ọ̀nà làwọn máa ń dúró sí, ẹsẹ̀ kan nínú ilé, ẹsẹ̀ kan níta, ọwọ́ wà lára ilẹ̀kùn. Kàrétà á yọ ní òpin òpópó. Àwọn á pariwo pè é. Á yíjú. Á sáré gbé ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí àwọn, àwọn á ya wọlé, gbàà, ilẹ̀kùn ti pa. Àwọn á wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, àyà á máa já, ẹ̀rín á máa pa àwọn, àwọn á tún ṣí i díẹ̀. Wọ́n ní tó bá fi máa di ìgbà kẹrin, àwọn ló ti ń lé kàrétà.

“Ẹsẹ̀ wa la fi ń lọ bá ẹ̀rù náà,” wọ́n ní. “Kì í wá bá wa lábẹ́ tábìlì.”

Wọ́n ní ti Ẹ̀yọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó mọ̀ pé èèyàn kì í wọ bàtà pàdé Ẹ̀yọ̀, obìnrin kì í di ṣùkú, èèyàn kì í mu sìgá níwájú rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe é, ọ̀páḿbàtà wà lọ́wọ́ Ẹ̀yọ̀. Ọmọdé tó ti bọ́ bàtà rẹ̀ mọ̀ pé òun ti san gbèsè. Ó lè dúró kó wòran àgbádá funfun àti àkẹtẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ̀rù ń bà á, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí ẹ̀rù náà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Ní 2017, tí wọ́n ṣe Ẹ̀yọ̀ fún àádọ́ta ọdún ìpínlẹ̀ Èkó, mo rí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó gbé bàtà rẹ̀ méjèèjì há abíyá, tó dúró gbọin-gbọin bí sójà, omi lójú, ẹ̀rín lẹ́nu. Nígbà náà mo rò pé ọmọ náà ò mọ èyí tó fẹ́ ṣe ni.

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tí Màámi sọ. Mo kàn ní “ó dáa, Màámi,” mo ń ká àga mi lọ.

Kí n tó kúrò lórí ọ̀rọ̀ páátì, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń dùn mí. MC tá a gbà lọ́jọ́ náà pe àwọn ọmọdé jáde pé kí wọ́n wá jó, ẹni tó bá jó jù ló máa gba ẹ̀bùn. Ìdí ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó jó jù. Ọmọ ọdún márùn-ún ń yí ìdí sílẹ̀, àwọn bàbá tó lọ́mọ nílé ń náwó lé e lórí, MC ń pariwo “lower, lower”. Àbẹ̀kẹ́ dúró sójú kan, ó ní òun ò mọ irú ijó yẹn. Wọ́n ní kó jókòó, ojo ni. Mo fún un ní ẹ̀bùn tirẹ̀ nílé, ṣùgbọ́n n kò bá MC náà wí níwájú èèyàn, ó sì yẹ kí n ti bá a wí. Mi ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

Àfi ìgbà tí Lánlọ́ọ̀dù Shark dé, tí mo rí bí ọmọ ṣe gba eré lọ́wọ́ ẹ̀rọ, ni ọ̀rọ̀ Màámi padà wá sọ́kàn mi. Mo wá rí i pé nǹkan kan náà ni wàhálà Mickey àti wàhálà fóònù. Àwọn méjèèjì kì í dúró de ọmọ. Mickey tẹ̀ lé e wọ abẹ́ tábìlì. Fídíò kan ò tíì tán tí òmíràn ti wọlé, wọ́n ń sáré, àwọ̀ ń yí padà, ọmọ ò ní ìgbà kankan tó lè sọ pé ẹ dúró ná, mo ní nǹkan tí mo fẹ́ sọ. Ìgbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bà jẹ́ nìkan ni wọ́n dá a lóhùn.

Ẹ wá fi ìyẹn wé àlọ́.

Lọ́sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Màámi wá sun ilé wa. Iná ò sí. Wọ́n tẹ́ ẹní sí bákónì, wọ́n ní, “Àlọ́ o!” Àbẹ̀kẹ́ dáhùn pé “Àlọ̀!” Àjàní dákẹ́. Màámi ò ṣí ẹnu mọ́. Wọ́n kàn ń wò ó. A gbọ́ jẹnẹrétọ̀ ilé kejì, a gbọ́ ẹ̀fọn. Ó tó bí ìdajì ìṣẹ́jú kí Àjàní tó mọ̀ pé òun ni gbogbo ayé ń dúró dè. Ó ní “Àlọ̀!” Bó ṣe pariwo rẹ̀ tó, aládùúgbò yọjú.

Wọ́n fi àpamọ̀ bẹ̀rẹ̀. “Gbogbo ilé sùn, Káńbó ò sùn.”

Ẹ̀yin àti èmi mọ̀ pé imú ni. Àjàní ronú. Ó ní, “Jẹnẹrétọ̀ Bàbá Ṣọ́jà.”

Mo fẹ́ tún un ṣe. Màámi fi ọwọ́ dá mi dúró. Wọ́n tẹ́tí sílẹ̀ sí jẹnẹrétọ̀ náà, wọ́n mi orí, wọ́n ní, “Òótọ́ ni. Kò sùn. Kí ló tún wà nínú ilé yìí tí kì í sùn? Fọwọ́ kan ojú rẹ. Sọ̀kalẹ̀ díẹ̀.” Ó dé orí imú, ó mí, ó rí i, ó ké bí ẹni tó rí owó he.

“Òpó tẹ́ẹ́rẹ́ kanlẹ̀, ó kànrun.”

Àjàní ní, “Ọ̀pá nẹ́tíwọ́ọ̀kì!” Ọ̀kan wà lẹ́yìn ilé wa lóòótọ́, tó ń tan iná pupa lálẹ́. Àbẹ̀kẹ́ ní òjò ni, wọ́n ti kọ́ wọn nílé ìwé. Màámi ní kí Àbẹ̀kẹ́ ṣàlàyé bí òjò ṣe dà bí òpó, àti pé kí Àjàní náà ṣàlàyé tirẹ̀. Ìjíròrò yẹn gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìjàpá ò tíì jáde rárá o! Nígbà tí Ìjàpá wá dé, tó jí àsáró gbígbóná bọ inú fìlà nílé àna rẹ̀, Àjàní da ìtàn rú ní ìgbà mẹ́rin láti béèrè irú fìlà tó jẹ́, bóyá abetí ajá ni, bóyá àsáró náà ní ẹja nínú. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n dá lóhùn. Wọ́n ní abetí ajá ni. Wọ́n ní panla ló wà nínú rẹ̀. N ò rò pé panla wà nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pa á fún mi.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní mò ń sọ pé ìgbà àwọn ìyá wa ló dáa. Rárá. Ìgbà tèmi gan-an, tẹlifíṣọ̀n la fi dàgbà, a sì máa ń lọ wò ó ní pálọ̀ ẹlòmíràn ní Múṣin, tí wọ́n á sì lé wa jáde tí oúnjẹ bá délẹ̀. Bàbá mi, ọmọ Ìbàdàn, kì í jẹ́ ká gbádùn, wọ́n á ní ọ̀dọ̀ àwọn ni tẹlifíṣọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà, WNTV, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá 1959, bí ẹni pé àwọn ló gbé ọ̀pá rẹ̀ nàró. Ṣùgbọ́n ẹ rántí bí NTA ṣe máa ń ṣí: aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kó tó di aago mẹ́rin, àwọn ìlà aláwọ̀ mèremère yẹn ló máa wà níbẹ̀, pẹ̀lú ohùn tó ń dún pììììì. A ti máa ń jókòó láti aago mẹ́ta ààbọ̀. A ń wo ìlà. A ń ta tẹ́tẹ́ lórí àwọ̀ tí kálukú ni, èmi ni mo ni búlúù. Nígbà tí orin orílẹ̀-èdè bá dún, a ti ṣeré tán. Lálẹ́, orin orílẹ̀-èdè á tún dún, wọ́n á tì í pa fúnra wọn. Kò sí bàbá tó ń bá ọmọ jà pé “gbé e sílẹ̀”. Iléeṣẹ́ ìjọba ló gbé e sílẹ̀ fún wa.

Ohun tí mo ṣe sí fóònù báyìí kò ju kí n padà fún un ní ibi tó ti ń tán lọ. YouTube Kids tí wọ́n ṣe ní 2015 ní aago kan nínú rẹ̀ tí òbí lè fi ka ìṣẹ́jú fún un; tó bá pé, ó tì. Mo ti ní i lórí fóònù láti ọjọ́ tí Àbẹ̀kẹ́ wà lọ́mọ ọwọ́, n kò mọ̀ pé aago wà níbẹ̀. Fóònù ló ń sọ pé “ó tó” báyìí, kì í ṣe èmi, igbe náà sì dín kù. Ohun kejì ni pé mo dáwọ́ dúró ní jíjẹ́ kí wọ́n máa wò ó láti orí dátà. Láti ìgbà tí NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn iléeṣẹ́ fóònù, ti fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní 2025 pé àwọn iléeṣẹ́ fóònù lè fi tó 50% kún owó wọn, dátà kì í ṣe nǹkan tí èèyàn ń fún ọmọ ọdún mẹ́ta mu bí omi. Mo gba fídíò márùn-ún sílẹ̀ sórí fóònù, ó parí. Mẹ́ta nínú rẹ̀ jẹ́ Bino and Fino, kàtúùnù tí Adamu Waziri àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń ṣe l'Ábújá, ti Yorùbá ni mo gbà. Àwọn ọmọ náà ti wò ó tó ìgbà ogójì. Wọ́n mọ ohun tí kálukú máa sọ kó tó sọ ọ́, wọ́n sì ń bá a sọ ọ́. Ó sú èmi. Kò sú wọn rárá, kódà bí ọ̀rọ̀ bá ṣe ń di mímọ̀ ni wọ́n ń fi tiwọn bọ́ inú rẹ̀.

Ti ìgbafẹ́ níta, ẹ má bi mí. Mo kó wọn lọ sí Freedom Park ní Broad Street lọ́jọ́ ìsinmi kan, ibi tí ẹ̀wọ̀n àwọn òyìnbó wà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ di ibi ìgbafẹ́ ní 2010. Mo ti múra ìtàn sílẹ̀. Aláńgbá kan ni wọ́n rí. Aláńgbá náà ni wọ́n lé títí a fi ń lọ sílé. Ohun kejì tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí dòní ni go-slow tó mú wa lórí Third Mainland Bridge, nítorí pé ọkọ̀ dúró, wọ́n sì ráyè ka ọkọ̀ ojú omi tó wà lápá Mákòko. Mẹ́tàdínlógún. Àjàní ní méjìdínlógún, ó ka igi kan mọ́ ọn.

Ó ku Sátidé. Sátidé tí ìyá wọn bá wà níbi iṣẹ́, mo máa ń kó wọn dání lọ Ṣómólú. N kì í jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ ẹ̀rọ tí a fi ń gé ìwé, igun kan wà tí mo tẹ́ páálí sí fún wọn. Gbogbo àgékù ìwé tó bá bọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ yẹn, ibẹ̀ ló ń lọ. Ẹni tí kò tíì rí àgékù pépà tuntun kò lè mọ adùn rẹ̀: ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, ó tutù lọ́wọ́, tí èèyàn bá da ìdì kan sílẹ̀, á fẹ̀ jáde bí abẹ̀bẹ̀. Pupa máa ń wà níbẹ̀, yẹ́lò máa ń wà níbẹ̀, ìdajì ojú ẹni tó ń dupò máa ń wà níbẹ̀ tó bá jẹ́ àsìkò ìbò. Àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ti mọ̀ pé wọn kì í da àgékù káàdì tó nípọn nù.

Sátidé tó kọjá, Àbẹ̀kẹ́ mú káàdì kan, ó lu ihò méjì sí i fún ojú, ó fi àgékù yẹ́lò gígùn ṣe irùngbọ̀n, ó so rọ́bà mọ́ ọn. Ó ní kàrétà ni. Ìyá Ìsàlẹ̀ Èkó ti bá wọn sọ ọ́, ó hàn. Ó fẹ́ dà á bojú, Àjàní ní òun ni. Àyà mi já díẹ̀, mo rántí Mickey. Ó gbé e dání fúngbà pípẹ́, ó yí i padà, ó wo inú rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ki ìka bọ ihò ojú. Lẹ́yìn náà ló dà á bojú, ó sì kọ ojú sí mi.

Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ẹsẹ̀ kan nínú, ẹsẹ̀ kan níta. Ó sáré gbé ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Mo ké, mo ya síta. Àwọn ọmọ iṣẹ́ náà ké, wọ́n sá sẹ́yìn ìdì pépà. Ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹrin mo sá débi onífótókópì, mo fara pa mọ́, n kò tètè jáde.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́. Ó dúró níwájú mi. Ó gbé kàrétà náà sókè, ó fi iwájú orí rẹ̀ tó ti làágùn hàn mí.

“Dádì, èmi ni o.”

Mo ní, “Mo mọ̀.”

“Irọ́ ni. Ẹ̀rù bà yín.” Ó dà á bojú padà. “Ẹ padà sẹ́nu ọ̀nà.”